ÒGÙN KÌ Í ṢE ÒGÚN: ÒKÈ, ODÒ ÀTI IṢẸ́ OLÙKỌ́ YORÙBÁ NÍ ÒKÈ-ÒGÙN

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ túmọ̀ orúkọ náà, Òkè-Ògùn, ìdáhùn kan tí ó sábà máa ń jáde ni pé òkè tí wọ́n ti ń bọ Ògún, òrìṣà irin, ni. Kò yani lẹ́nu. Àkọlé ẹ̀bá títì àti ìwé ìròyìn ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí “Oke-Ogun” lásán ni wọ́n ń kọ, láìsí àmì ohùn kankan. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọmọ Ìṣẹ́yìn tàbí ọmọ Ṣakí rí, kí ni yóò fi mọ̀? Ṣùgbọ́n Ògùn tí ó wà nínú orúkọ yìí, odò ni. Òrìṣà ń jẹ́ Ògún, ìjà ìlú sí ìlú ń jẹ́ ogun, ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún ọmọ ń jẹ́ ogún. Olùkọ́ Yorùbá ti fi àpẹẹrẹ wọ̀nyí kọ́ àmì ohùn títí ó fi sú u, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú orúkọ yìí kọjá ẹ̀kọ́ àmì ohùn. Bí a bá tú u dáadáa, bí ilẹ̀ agbègbè náà ṣe rí ni ó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ “òkè” náà kò rọrùn tó bí ó ti rí lójú. Òkè lè jẹ́ ibi gíga. Ó sì lè jẹ́ ìhà ọ̀hún, tàbí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Nígbà tí Yorùbá bá pe apá Àríwá ní Òkè-Ọya, kò sí ẹni tí ó ń wá òkè kan tí ń jẹ́ Ọya; ìhà ọ̀hún odò Ọya ni wọ́n ń sọ. Aṣọ òkè tí Ìṣẹ́yìn fi lókìkí kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àpáta kankan: aṣọ àwọn ará òkè ni, àwọn ará òkè sì ni ará Èkó ń pe àwọn tí ó ti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀yọ́ ń lọ sí Ìṣẹ́yìn yóò gba orí afárá odò Ògùn kọjá. Ìhà ọ̀hún odò ni ó ń lọ, apá ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀ ni pẹ̀lú. Ó wá bọ́ sí i pé ìhà náà kún fún òkè àti àpáta, ni ìtumọ̀ méjèèjì bá wọ ara wọn, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fi rí ìdí tí ó fi yẹ kí a yà wọ́n.

Ẹyọ ohun kan ni a ń dá lábàá níbí: kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gba òkè, àpáta àti odò Òkè-Ògùn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó máa fi èdè Yorùbá kọ́ wọn, kí ó má fi wọ́n sílẹ̀ fún olùkọ́ jọ́gíráfì nìkan. Bí nǹkan ti rí báyìí, nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ ni ọmọ Ṣakí ti ń gbọ́ ìtàn òrìṣà, nínú kíláàsì jọ́gíráfì ni ó ti ń gbọ́ nípa gíránáìtì lédè Gẹ̀ẹ́sì, bóyá pẹ̀lú àwòrán òkè ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó lè ka méjèèjì yege láìsí ẹni tí yóò sọ fún un pé àpáta tí ó wà lẹ́yìnkùlé baba rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni ó wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn ní gúúsù títí dé Kíṣì àti Ìgbẹ́tì ní àríwá; Ṣakí ní tirẹ̀ kò jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: koríko gíga, igi òrí àti igi irú káàkiri, ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, lójijì ni àpáta dúdú kan yóò sì yọ láàrin rẹ̀ bí orí erin. Ibi tí Ṣakí wà fi ohun tí ó lé ní 400 mítà ga ju ojú òkun lọ. Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ju òkun lọ rárá. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń lé odò Ògùn rìn. Láti agbègbè Ṣakí ni odò náà ti sun, ó gba ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta, títí ó fi wọ inú Ọ̀sà Èkó; Òfíkì àti Ọ̀yán wà lára àwọn odò tí omi wọn ń dà sínú rẹ̀. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n parí ní 1983, wà lára ohun tí ó ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó ní omi. Ọmọ Èkó tí ó bá ń fi ará òkè ṣe yẹ̀yẹ́, omi ará òkè ni ó fi bọ́jú láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í sábà sọ fún ọmọ ni èyí: kì í ṣe gbogbo òjò Òkè-Ògùn ni ó ń bá Ògùn lọ. Èyí tí ó bá rọ̀ sí apá àríwá, lọ́nà Kíṣì, ọ̀dọ̀ odò Mòṣì ni ó ń lọ, Mòṣì sì ń gbé e fún Ọya. Omi yẹn yóò bá Ọya yí ká, yóò gba Lọ́kọ́ja, kí ó tó dé òkun ní ibi tí ó jìnnà sí Èkó púpọ̀. Ilẹ̀ gíga Òkè-Ògùn ni ó ń pín òjò. Òjò kan náà, ọjọ́ kan náà, a lè rí èyí tí yóò tẹ̀lé Yemọja, olódò Ògùn, kí a sì rí èyí tí yóò tẹ̀lé Ọya. Bí ó bá jẹ́ pé orí òrìṣà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ orúkọ méjèèjì yìí, àwòrán ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn án bí wọ́n ti jìnnà síra wọn tó, àti ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ìtàn Yemọja àti Òkèrè. Ìtàn náà wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ Yorùbá sì gbé e dé òkè òkun. Pierre Verger wà lára àwọn tí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Yemọja fẹ́ Òkèrè, ọba Ṣakí, ó sì kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ọmú òun ṣe ẹlẹ́yà. Òkèrè mutí yó, ó sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ. Yemọja sá lọ. Ìkòkò omi tí ó gbà lọ́dọ̀ Olókun fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, omi inú rẹ̀ di odò, ó sì ń ṣàn lọ sílé Olókun. Òkèrè kò fẹ́ kí ó lọ. Ó sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Bí odò ti yà sí ọ̀tún ni òkè ń yà sí ọ̀tún, bí ó ti yà sí òsì ni òkè ń yà sí òsì. Yemọja ké pe Ṣàngó ọmọ rẹ̀, Ṣàngó sán àrá, òkè là sí méjì, odò sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Nínú kíláàsì, a máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ìwà: ọkọ tí kò lè ṣọ́ ẹnu, àbùkù tí ọtí ń mú wá, ìfẹ́ ìyá sí ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn yìí mọ ilẹ̀. Ó mọ̀ pé Ṣakí ni odò Ògùn ti ń bọ̀, òkun sì ni ó ń lọ. Ó mọ̀ pé àpáta dábùú ọ̀nà rẹ̀, tí odò fi ń yà kiri bí ẹni tí ń wá ẹnu ọ̀nà. Èyí tí ó wúwo jù lọ ni pé ó mọ̀ pé odò kò gun orí àpáta, kò sì yí gbogbo rẹ̀ po. Ibi tí àpáta ti là ni ó gbà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àpáta líle máa ń sán ní ojú ìlà-ìlà, omi a sì wọ ojú ìsán, a jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tí kò lóǹkà títí yóò fi di ọ̀nà. Irú àyè tóóró bẹ́ẹ̀ láàrin àpáta ni wọ́n wá tí wọ́n fi sé odò Ògùn nítòsí Ìṣẹ́yìn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ìkéré Gorge. Ohun tí a lè fi yà wọ́n ni àkókò: ìṣẹ́jú kan ni Ṣàngó fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, omi sì lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Kò sí ìdí kankan tí olùkọ́ kan náà kò fi lè sọ méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ mọ èyí tí í ṣe ìtàn àti èyí tí í ṣe ìwádìí. Olùkọ́ tí ó bá ń bẹ̀rù pé ìwádìí yóò ba ìtàn jẹ́ kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn náà tó.

Báwo ni àpáta náà ṣe dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé ó hù jáde bí olú, bí àwọn ọmọdé ti máa ń rò. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti wà ní yíyọ́, bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi le. Gíránáìtì tí ó pọ̀ nínú àwọn àpáta Òkè-Ògùn tutù ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn àpáta ìpìlẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà dàgbà jù wọ́n lọ, àwọn kan lé ní 2,000 mílíọ̀nù ọdún. Lẹ́yìn èyí ni òjò àti oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ orí rẹ̀. Ibi tí àpáta ti sán púpọ̀ jẹrà kíákíá, àgbàrá gbé e lọ; ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sán kò jẹrà, òun ni ó ṣẹ́kù tí ó dúró gangan. Àpáta kò dìde, ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ sì ti fúyẹ́, òkúta náà ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí rẹ̀ fi rí roboto, tí àwọn pẹlẹbẹ òkúta ńláńlá fi ń yọ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ará Jámánì kan, Wilhelm Bornhardt, ni ó rí irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì fún un ní orúkọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1900. Orúkọ náà kò ju “òkè erékùṣù” lọ lédè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ orúkọ Jámánì yẹn sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àfiwé lásán ni, tí èdè tirẹ̀ náà lè ṣe.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò sì dá wà. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà ní ìwọ̀-oòrùn Ṣakí yóò tún bá irú àpáta bẹ́ẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, láàrin àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá ní Benin. Bí ó bá tẹ̀ síwájú sí i, yóò dé ọ̀wọ́ òkè mìíràn, tí ó gùn gbọọrọ: ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí etí òkun ní Accra, ó gba Akwapim, ó la Tógò kọjá, ó sì parí sí Atakora ní àríwá Benin. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òkun kan ti wà lágbègbè yẹn rí. Ilẹ̀ ìhà méjèèjì sún mọ́ra, òkun náà pa dé, àwọn méjèèjì kọlu ara wọn, ilẹ̀ ká jọ, ó sì di òkè gíga rẹpẹtẹ. Atakora àti Akwapim jẹ́ àṣẹ́kù ojú ibi tí ìkọlù náà ti wáyé; gíránáìtì Òkè-Ògùn sì jẹ́ ara ohun tí ooru ìkọlù náà yọ́ nísàlẹ̀. Orí àwọn òkè ìgbàanì ti jẹ tán. Gbòǹgbò wọn ni ó yọ síta yìí tí àwọn ará Ṣakí sá sí nígbà ogun, tí wọ́n ń pè ní Aṣàbàrí.

Ibo ni èyí tí ó jẹ wá lọ? Odò ni ó gbé e. Òkúta gíránáìtì kì í ṣe ẹyọ ohun kan. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ yóò rí hóró tí ó mọ́ bí dígí, hóró tí ó funfun tàbí tí ó pupa rúsúrúsú, àti hóró dúdú tí ń dán. Hóró bíi dígí kì í jẹrà. Òun ni ó di yanrìn. Hóró funfun ni ó ń jẹrà di amọ̀. Yanrìn tí wọ́n ń wà nínú odò Ògùn ní agbègbè Ìṣẹri, tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Èkó, ara rẹ̀ ti jẹ́ àpáta lókè odò rí. Amọ̀ ní tirẹ̀ dúró sílé, ó di ìkòkò. Ní Ìgbẹ́tì, òkè kan wà tí ó ń jẹ́ Ìyá Mọ̀pó, orúkọ òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí ìkòkò mímọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Pé a fi orúkọ òrìṣà amọ̀kòkò pe àpáta tí amọ̀ ti ń wá, ẹ̀kọ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan ni fún olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Yangí ńkọ́? Òjò fọ àwọn ohun mìíràn kúrò nínú ilẹ̀, ó fi irin sílẹ̀, irin náà dì, ó pupa, ó le. Ní 1807 ni Francis Buchanan fún un ní orúkọ tí ayé ń pè é lónìí, nígbà tí ó rí i ní Íńdíà tí wọ́n ń gé e bíi bíríkì. Yorùbá kò dúró de Buchanan. Kò sí ẹni tí ó mọ Èṣù tí kò mọ yangí.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Àdó-Àwáyè, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Lórí òkè náà ni omi Ìyáké wà, àwọn tí ń polówó ìrìn-àjò afẹ́ sì fẹ́ràn láti máa sọ pé méjì péré ni irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ìgbéraga tí kò pọn dandan ni. Kòtò tí omi òjò ń dúró sí lórí àpáta gíránáìtì wà káàkiri ayé. Àwọn ọmọ onílùú ní Ọsirélíà ti ń mu omi irú rẹ̀ láti ayébáyé. Ohun tí ó jẹ́ ti Àdó-Àwáyè nìkan ni ìtàn tí ó wà lórí omi náà, àwọn orúkọ tí àwọn ará ìlú fi pe ibi kọ̀ọ̀kan lórí òkè náà, àti bí àwọn ènìyàn ṣe gbé orí àpáta kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá mú lọ síbẹ̀ lọ ka àtẹ̀gùn nìkan, tí ó ya fọ́tò, tí ó padà, owó ọkọ̀ ni ó fi ṣòfò.

Àwọn kan yóò sọ pé olùkọ́ Yorùbá kì í ṣe onímọ̀ ilẹ̀, àti pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀sùn kìíní rọrùn láti dáhùn: olùkọ́ Yorùbá kì í ṣe babaláwo, síbẹ̀ ó ń kọ́ni ní ẹsẹ Ifá. Ẹ̀sùn kejì ni ó gba ìrònú. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n a kò gbé irú rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà: òkè, àpáta, òkúta, yangí, yanrìn, iyẹ̀pẹ̀, amọ̀, ẹrẹ̀, ọ̀dàn, pẹ̀tẹ́lẹ̀, àfonífojì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìsun, àgbàrá, ọ̀sà. Ohun tí ó kù ni kí a fi ààlà sí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbo ni òkè parí sí tí àpáta bẹ̀rẹ̀? Àgbẹ̀ Ọ̀tù mọ̀ ọ́n, ìwé kíláàsì kò mọ̀ ọ́n. Gíránáìtì fúnra rẹ̀ lè dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò kò pa èdè rí.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti di kánjúkánjú. Ní 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, sáyẹ́ǹsì náà kò gbẹ́yìn, iṣẹ́ náà sì fi hàn pé ó ṣe é ṣe. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n fagi lé e, tí wọ́n dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò. A lè bínú sí ìpinnu yẹn, ó sì yẹ kí a bínú. Ṣùgbọ́n láàrin 2022 sí 2025, mélòó nínú wa ni ó kọ ojú-ìwé kan ṣoṣo tí olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ bí àpáta ṣe ń di yanrìn? Òfin tí kò ní ìwé lẹ́yìn kò ṣòro láti fagi lé. Wákàtí Yorùbá ṣì wà nínú àtòjọ ẹ̀kọ́, kò sì sí òfin tí ó sọ pé àlọ́ àti òwe nìkan ni kí a fi kún un.

Nígbà tí a sì ń jiyàn lórí èdè, àwọn òkè náà ń dínkù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì, ilé ìfọ́kúta sì ń fọ́ gíránáìtì fún ọ̀nà àti ilé. Ènìyàn nílò ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a má fọ́ òkúta kankan. Ṣùgbọ́n bí àpáta kan bá di òkúta wẹ́wẹ́, orúkọ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ yìí sì tọ́ sí jù ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Ṣakí, ní Ìgbòho tàbí ní Òkehò. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú orúkọ gbogbo àpáta àti odò tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, kí ó fi àmì ohùn sí wọn, kí ó kọ irú òkúta tí ó wà níbẹ̀ àti ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì yàwòrán rẹ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un ní máàkì lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fún un lórí ìwé ètò ẹ̀kọ́, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣe ìdánrawò, níbi tí olùkọ́ tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti rí i lò.